Ọgọ́rùn-ún Kìlómítà: Iná Ilé àbí Epo Bẹntiróòlù?

Àlàyé ìṣáájú

Iṣẹ́: Ìṣirò àti Fisíìsì
Kíláàsì: SS 2
Àkókò: píríọ́dù méjì tó tẹ̀lé ara wọn
Àkòrí: Owó tí à ń ná tí a bá fi iná ilé wa ọkọ̀, àti owó epo fún ìrìn kan náà
Ohun èlò: ríṣíìtì káàdì iná méjì tàbí mẹ́ta láti ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ (ẹ fi báírò pa nọ́ńbà mítà àti orúkọ rẹ́), ríṣíìtì ilé epo kan, súkẹ́ẹ̀tì olójú mẹ́ta tí wọn kò tíì kàn mọ́ ògiri, ẹ̀rọ ìṣirò.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe

Tí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ka ríṣíìtì iná ilé wọn, kí ó mọ iye tí yúnìtì kan ń ná wọn gan-an lẹ́yìn VAT, kí ó sì fi ṣírò owó tí ọkọ̀ oníná yóò jẹ láti rin 100 kìlómítà. Kí ó tún lè sọ ìgbà tí ìdáhùn yẹn yóò yí padà, àti ohun tí yóò yí i.

Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí di ìpolówó ọkọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó di ibi tí a ti ń bú ọkọ̀ oníná pé kò lè ṣiṣẹ́ nílẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò ra ọkọ̀ ní ọdún mẹ́wàá sí i. Ohun tí wọ́n nílò ni ìṣirò tí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe nígbà tí oníṣòwò bá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn pè wọ́n.

Ìmọ̀ tí wọ́n ti ní

Ó ṣòro kí a rí ọmọ kan nínú kíláàsì yìí tí wọn kò tíì rán lọ ra káàdì iná rí, tàbí tí kò tíì gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sílé epo nítorí jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ti mọ ìsọdipúpọ̀, pínpín àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ohun tuntun nínú ìṣirò òní. Ohun tó jẹ́ tuntun ni bí a ṣe máa tò ó.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́

Ẹ kọ nọ́ńbà méjì sójú pátákó: ₦900 àti ₦225. Èkíní ni iye tí lítà epo bẹntiróòlù kan ń lọ sí l'Ékòó ní ọ̀pọ̀ ìgbà nínú ọdún 2025, ká fi díẹ̀ lé e tàbí ká yọ díẹ̀ kúrò. Èkejì ni iye yúnìtì iná kan fún ilé tó wà ní Band A, ìpele tí wọ́n ṣètò pé kí ó rí iná ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́: ₦209.50 tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé kalẹ̀ láàárín ọdún 2024, pẹ̀lú VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé èwo ló wọ́n jù.

Gbogbo kíláàsì ni yóò pariwo pé epo ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo tán, kí ẹ tó sọ fún wọn pé ìbéèrè yẹn kò tíì ṣeé dáhùn. Ẹni tó fi iye kóńgò gàrí kan wé iye ìgò epo pupa kan kò tíì mọ ohun tí oúnjẹ ilé yóò ná an. Ohun tí à ń wá ni iye tí ọkọ̀ yóò jẹ kó tó gbé wa láti ibi kan dé ibi kejì. Ìrìn ni òṣùwọ̀n wa lónìí. A ó mú 100 kìlómítà, tí kò fi púpọ̀ dín sí ìrìn Ọjọ́ta sí Ìbàdàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Yúnìtì inú wáyà àti yúnìtì inú epo

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí áyọ́ọ̀nù, ẹ má tíì dárúkọ ọkọ̀. Áyọ́ọ̀nù tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1,000 wáàtì, tó bá jẹ iná fún wákàtí kan gbáko láìsinmi, yúnìtì kan ni yóò kúrò lórí mítà. Yúnìtì kan náà yìí ni ọkọ̀ oníná ń jẹ. Mítà kò mọ̀ bóyá aṣọ ni à ń lọ̀ àbí bátìrì ni à ń ṣáájì.

Epo bẹntiróòlù náà ní agbára nínú, a sì lè fi yúnìtì wọ̀n ọ́n. Lítà kan ní nǹkan bí yúnìtì 8.9. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pín ₦900 sí 8.9: yúnìtì agbára kan nínú epo jẹ́ nǹkan bí ₦101. Yúnìtì kan nínú iná Band A jẹ́ ₦225. Ẹ dúró díẹ̀ níbí kí ó wọ̀ wọ́n létí. Epo tí wọ́n pariwo pé ó wọ́n, agbára inú rẹ̀ kò tó ìdajì owó agbára inú wáyà. Bí ọ̀rọ̀ bá wá rí báyìí, báwo ni ọkọ̀ oníná ṣe lè dín owó kù? Ẹ kọ ìbéèrè yẹn sí igun pátákó, kí ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀ láìdáhùn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ibi tí agbára epo ń gbà lọ

Ẹ béèrè pé ta ló ti fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé. Ooru tó jó wọn lọ́wọ́ yẹn, epo tí a fi owó rà ni. Rédíétọ̀, fáànù iwájú ẹ́ńjìnnì, omi tí à ń bù sí i láràárọ̀: ooru ni gbogbo wọn ń lé dànù. Nínú agbára tó wà nínú lítà epo kan, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń dé ọ̀dọ̀ táyà. Nínú ìgboro, kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yí táyà ọkọ̀ oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó gbà ló fi ń rìn, tí awakọ̀ bá sì tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ yẹn kan náà a dá díẹ̀ nínú agbára padà sínú bátìrì.

Ẹ fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ṣe àpẹẹrẹ fún wọn, torí pé ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ti hàn jù. Ọkọ̀ elépo tó há sórí afárá Third Mainland fún wákàtí kan, tí AC rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, yóò jó epo tó sún mọ́ lítà kan láìkúrò lójú kan. Ọkọ̀ oníná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní ẹ́ńjìnnì tó ń kù rìrì. AC àti rédíò nìkan ló ń jẹ iná, nǹkan bí yúnìtì kan. Ẹni kan ti ná nǹkan bí ₦900 lórí ìdúró, èkejì ná ₦225.

Ní báyìí, a lè mú ọkọ̀ méjì gidi. Toyota Corolla ọdún 2010, èyí tí ojú gbogbo wa ti mọ̀ lójú títì, ń jẹ nǹkan bí lítà 9 fún 100 kìlómítà nínú ìgboro. Hyundai Kona oníná, tí ilé iṣẹ́ Stallion gbé jáde ní Nàìjíríà, ń jẹ nǹkan bí yúnìtì 17 ó lé díẹ̀ fún 100 kìlómítà gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò àjọ EPA ti Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ ká fi ooru wa, AC tí kì í sinmi àti kòtò ojú ọ̀nà kún un, ká pè é ní 20.

Àkíyèsí kan wà tí kò gbọdọ̀ bọ́: yúnìtì 20 tí à ń wí yìí, ti orí mítà ni. Nígbà tí iná bá ń wọ bátìrì, díẹ̀ nínú rẹ̀ a di ooru nínú wáyà àti nínú ṣájà. Ó lè jẹ́ nǹkan bí 18 péré ló dé inú bátìrì. Ṣùgbọ́n mítà kì í dá owó padà, nítorí náà ohun tí mítà kà ni kí ẹ máa fi ṣírò. Ẹni tó bá fi èyí tó wọ bátìrì nìkan ṣe ìṣirò ti gbàgbé èyí tó dànù lójú ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ríṣíìtì ₦10,000

Ẹ mú ríṣíìtì kan nínú àwọn tí ọmọ mú wá. Ká ní ilé Band A ra ₦10,000. Ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò rí ni pé kì í ṣe gbogbo ₦10,000 ló ra iná. Wọ́n ti yọ VAT kúrò: ₦10,000 pín sí 1.075 jẹ́ ₦9,302. Ẹ pín ìyẹn sí ₦209.50, ẹ ó rí yúnìtì 44.4, tí yóò jáde pẹ̀lú tókìn onínọ́ńbà 20 tí gbogbo wa mọ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nínú òkùnkùn.

Yúnìtì 44.4 yóò gbé Kona rin 222 kìlómítà.

₦10,000 kan náà nílé epo yóò ra lítà 11.1. Corolla yóò fi rin 123 kìlómítà.

Fún 100 kìlómítà, iná jẹ́ 20 × ₦225, ìyẹn ₦4,500. Epo jẹ́ 9 × ₦900, ìyẹn ₦8,100. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,600. Ẹni tó ń rin 1,000 kìlómítà lóṣù yóò rí ₦36,000 kó padà sápò. Ẹ padà sí igun pátákó, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ kan dáhùn ìbéèrè tí a fi sílẹ̀ níbẹ̀: agbára inú epo rọrùn láti rà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣòfò.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ wọn ní ìlà tó ń pààlà: ₦4,500 pín sí lítà 9 jẹ́ ₦500. Tí epo bá wálẹ̀ dé ₦500, tí owó iná kò sì yí padà, ọkọ̀ méjèèjì di ọgbọọgba. Tó bá wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Corolla ló borí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bí ìyàtọ̀ náà ṣe ń fẹ̀ tó sì ń sún mọ́ra

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí olùkọ́ ti fara balẹ̀ jù, torí pé àwọn ọmọ yìí wà láyé nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀, wọ́n sì rántí ojú òbí wọn nílé epo. Lítà 9 àti yúnìtì 20 kò yí padà. Iye owó nìkan ni a ó máa pààrọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2023, kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan wà ní nǹkan bí ₦185 nílé epo tó bá ń tà á ní iye ìjọba. Yúnìtì iná wà ní nǹkan bí ₦68, VAT sọ ọ́ di ₦73. Epo fún 100 kìlómítà jẹ́ ₦1,665, iná jẹ́ nǹkan bí ₦1,460. Igba náírà péré ló wà láàárín wọn. Kò sí ẹni tí yóò torí igba náírà pààrọ̀ ọkọ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún yẹn, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ilé epo NNPC l'Ékòó ń ta lítà ní ₦488. Epo fún 100 kìlómítà di ₦4,392, iná sì dúró síbi tó wà. Ẹni tó ní ọkọ̀ oníná lásìkò yẹn ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta owó aládùúgbò rẹ̀ rìn.

Kò pẹ́ kí iná náà tó gbéra. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC gbé Band A lọ sí ₦225 kí VAT tó wọ̀ ọ́. Pẹ̀lú VAT, yúnìtì 20 di nǹkan bí ₦4,840. Epo NNPC l'Ékòó wà ní nǹkan bí ₦570 nígbà náà, lítà 9 jẹ́ ₦5,130. Ìyàtọ̀ tún padà sí nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún náírà. Ohun tí ìkéde kan fún ọlọ́kọ̀ oníná, ìkéde kejì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín oṣù mọ́kànlá.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, epo kan ₦998 nílé epo NNPC l'Ékòó, Band A sì ti sún wá sí ₦209.50. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe èyí fúnra wọn: ₦8,982 ní ìhà kan, nǹkan bí ₦4,500 ní ìhà kejì.

Ọkọ̀ kò yí padà, ọ̀nà kò yí padà, awakọ̀ kò kọ́ ìwà tuntun. Ìpinnu tí wọ́n ṣe l'Ábùjá ló ń pinnu ẹni tó jèrè. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ìṣirò oṣù kan ra ọkọ̀ tí yóò lò fún ọdún mẹ́jọ, kí ó fi àwọn nọ́ńbà òkè yìí síwájú ara rẹ̀ ná.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Wákàtí iná

Nínú ètò Band tí wọ́n là sílẹ̀, A ni ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Nígbà tí owó Band A gbéra lọ́dún 2024, wọn kò fi kan àwọn tó kù. Yúnìtì Band B kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó Band A. Àwọn ọmọ yóò fò sókè: ṣé kò wá dáa ká gbé ní Band D, ká máa fi iná pọ́ọ́kú ṣáájì ọkọ̀?

Ẹ má dá wọn lẹ́kun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò. Súkẹ́ẹ̀tì olójú mẹ́ta ilé, tí a bá fi ámpù 10 gba iná nínú rẹ̀ ní fóltéèjì 230, ń fúnni ní 2,300 wáàtì, ìyẹn yúnìtì 2.3 ní wákàtí kan. Wákàtí 8 jẹ́ yúnìtì 18.4, tó lè gbé ọkọ̀ rin 92 kìlómítà. Kódà Band E, wákàtí 4, jẹ́ yúnìtì 9.2, ìyẹn 46 kìlómítà. Olùkọ́ tó ń gbé ní Ìkòròdú tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Kẹtu kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́.

Lórí pátákó, ó ṣeé ṣe. Nínú ilé, ohun méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà nílé nígbà tí iná bá dé. Tí wọ́n bá ń mú iná wá láago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, ibi iṣẹ́ ni ọkọ̀ wà. Èkejì ni fóltéèjì. Àwọn ọmọ mọ iná tó máa ń mú gílóòbù pọ́n bí ẹyín iná, tí fáànù kò fi lè yí dáadáa. Tí fóltéèjì bá wálẹ̀ sí 160, ámpù 10 kan náà kò fúnni ju 1,600 wáàtì lọ, ọ̀pọ̀ ṣájà ọkọ̀ a sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́ rárá, kí ó má baà bàjẹ́. Nítorí náà, iye wákàtí tí wọ́n kọ sínú ìwé kọ́ ni kí ọmọ fi ṣírò. Wákàtí tí iná tó dára bá ọkọ̀ nílé ni.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ó yá lè kàn ṣájà ògiri tó ń gba ámpù 32. Yúnìtì 7.4 ní wákàtí kan nìyẹn, 20 yóò sì wọlé láàárín wákàtí mẹ́ta. Owó ṣájà náà àti ti wáyà tó nípọn jẹ́ owó ọ̀tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Jẹnẹrétọ̀

Kò sí kíláàsì tí ìbéèrè yìí kò ní jáde: "Sà, tí wọn ò bá mú iná wá ńkọ́, ṣé a ò lè tan jẹ́n?"

A lè tan án. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí yóò ná wa. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń lo bẹntiróòlù ń mú nǹkan bí yúnìtì 2 jáde nínú lítà kan, nígbà tó bá ṣì dára. Láti rí yúnìtì 20, a nílò lítà 10, ìyẹn ₦9,000, láìtíì ka ọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì. Corolla fi lítà 9 rin ìrìn kan náà. A wá ra ọkọ̀ oníná tán, a tún ń sun epo ju ẹni tó ni ọkọ̀ elépo lọ, a sì fi ariwo àti èéfín kún un fún aládùúgbò. Ìdí rẹ̀ ni pé ooru tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń fi ṣòfò, ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ náà ń fi ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n da ìdajì ṣáájì pọ̀: yúnìtì 10 láti Band A jẹ́ ₦2,250, yúnìtì 10 láti inú jẹ́n jẹ́ ₦4,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦6,750. Èrè ₦3,600 ti di ₦1,350. Ìdí nìyí tí mo fi ka wákàtí iná sí ju iye owó iná lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Oòrùn

Kúkúrú ni ká mú un lónìí. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 550 wáàtì, ní ọjọ́ tí oòrùn Èkó bá dára, lè mú nǹkan bí yúnìtì 10 wá, tó tó 50 kìlómítà. Kò sí ẹni tí yóò gba ₦225 lọ́wọ́ wa lórí yúnìtì náà, àmọ́ a ti san owó rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí a ń ra pánẹ́ẹ̀lì àti ínfátà. Ó bá ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń wà nílé lọ́sàn-án mu: ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tàbí ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nínú ilé. Ó tún bá ilé ìwé mu, ìyẹn ni wọ́n ṣe kọ́ ibùdó ṣáájì tó ń lo oòrùn sí Yunifásítì Èkó.

Àwọn ará wa lókè òkun

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ló ní ẹ̀gbọ́n tàbí bùrọ̀dá kan ní Houston tó ń sọ fún wọn lórí WhatsApp pé ọkọ̀ oníná òun fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Tí a bá fi 16 sẹ́ǹtì fún yúnìtì àti $3 fún gálọ́ọ̀nù ṣe àpẹẹrẹ, Kona yóò fi yúnìtì 28 rin 100 máìlì, ìyẹn $4.48. Ọkọ̀ elépo tó ń rin 30 máìlì lórí gálọ́ọ̀nù kan yóò ná $10. Ìyàtọ̀ tó dára ni, $552 lọ́dún fún ẹni tó bá rin 10,000 máìlì. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìpínlẹ̀ Texas ń gba $200 lọ́dún lórí ọkọ̀ oníná tí wọ́n bá tún ìwé rẹ̀ ṣe, torí pé kì í san owó orí tó wà nínú epo. Ó ku $352.

Ti Lọ́ńdọ̀nù ló jọ tiwa jù. Ẹni tó ní ilé tí ọkọ̀ lè wọ̀, tó sì wà lórí ètò iná òru, lè rí yúnìtì ní 7p dípò nǹkan bí 25p ti ọ̀sán. Yúnìtì 20 di £1.40. Ẹni tó ń gbé ní fúláàtì òkè ní Peckham, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn sí ojú títì, kò ní súkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ó ń lọ sí ibùdó ṣáájì kíákíá níta, níbi tí yúnìtì lè tó 75p, tí VAT sì jẹ́ ìdá 20 dípò ìdá 5 ti inú ilé. £15 nìyẹn. Ọkọ̀ elépo tó ń jẹ lítà 7 fún ìrìn kan náà, ní £1.40 fún lítà kan, yóò ná £9.80. Ọkọ̀ kan náà, ìlú kan náà, ẹni tó ni géètì ló jèrè.

Ní Kútọnu àti Lomé, àwọn tó ń gun alùpùpù oníná Spiro ti yẹra fún wàhálà ṣáájì ilé yìí: wọ́n ń lọ pààrọ̀ bátìrì tó ti tán sí èyí tó kún.

Ààbò

Ẹ fa súkẹ́ẹ̀tì tí ẹ mú wá jáde, kí ẹ gbé e yí kíláàsì ká. Ojú mẹ́ta ni, ojú òkè ló gùn jù. Wáyà tó wọ inú ilẹ̀ ló yẹ kó wà lẹ́yìn ojú yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, tí a bá ṣí súkẹ́ẹ̀tì, kò sí nǹkankan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kàn fi ojú náà ṣe ẹwà. Tẹlifíṣọ̀n lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí a so mọ́ iná fún wákàtí mẹ́sàn-án nínú òjò kò gbọdọ̀ gbà á bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣájà a sì mọ̀, kò ní ṣiṣẹ́.

Ẹ sọ ọ́ fún wọn kó yé wọn yékéyéké: a kì í fi ẹ̀kí, ìyẹn wáyà àfikún tí à ń fi wo bọ́ọ̀lù ní àgbàlá, ṣáájì ọkọ̀. Ámpù 10 tó ń kọjá ní gbogbo òru yóò kọ́kọ́ mú ara súkẹ́ẹ̀tì rọ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n, òórùn rọ́bà jíjó á sì tẹ̀lé e. Ọmọ tó bá gbọ́ irú òórùn bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó pa iná láti ibi mítà, kí ó tó pe àgbà.

Ohun tí owó iná àti epo kò kà

Ọkọ̀ oníná kì í pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kò ní púlọ́ọ̀gì. Ní ọwọ́ kejì, ó wọ́n jù láti rà, bátìrì rẹ̀ ń dàgbà, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò sì sí ní gbogbo àdúgbò.

Ká ní ọkọ̀ oníná fi mílíọ̀nù márùn-ún náírà wọ́n ju ọkọ̀ elépo tó bá a dọ́gba. Ẹni tó ń rin 1,000 kìlómítà lóṣù, tó ń rí ₦36,000, yóò lo oṣù 139 kí owó yẹn tó padà: ó lé ní ọdún mọ́kànlá. Awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́, tó ń rin 3,000 kìlómítà lóṣù, yóò rí ₦108,000, owó náà yóò sì padà láàárín oṣù 47, kò tó ọdún mẹ́rin. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ jẹun ni èrè yìí tọ́ sí jù. Ṣùgbọ́n awakọ̀ yẹn náà ló nílò yúnìtì 20 lójúmọ́, nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án lórí súkẹ́ẹ̀tì ilé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbé ní àdúgbò tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró. Tí ìjọba bá ń wá ibi tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbé iná Band A àti ibùdó ṣáájì lọ, ibi tí àwọn awakọ̀ ń sùn ni mo máa tọ́ka sí.

Ìgbéléwọ̀n

1. Ilé kan ra káàdì iná ₦5,000 ní Band A, ₦209.50 kí VAT ìdá 7.5 tó wọ̀ ọ́. Yúnìtì mélòó ni wọn yóò rí? Kìlómítà mélòó ni ọkọ̀ tó ń jẹ yúnìtì 20 fún 100 kìlómítà yóò fi rìn?

2. Tí epo bá di ₦650, tí yúnìtì iná sì wà ní ₦225, èló ni ìyàtọ̀ fún 100 kìlómítà?

3. Jẹnẹrétọ̀ kan ń mú yúnìtì 1.5 péré jáde nínú lítà kan torí pé ó ti gbó. Lítà mélòó ni yóò jẹ láti ṣáájì ọkọ̀ fún 100 kìlómítà?

4. Iná ń dé ilé kan láago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́ta òru. Baálé ilé ń padà láti ibi iṣẹ́ láago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́. Yúnìtì mélòó ló lè wọ ọkọ̀ rẹ̀ lórí súkẹ́ẹ̀tì ámpù 10, tí fóltéèjì bá dúró ní 230?

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Fún ọjọ́ méje, kọ aago tí iná dé àti aago tí iná lọ nílé yín sínú ìwé. Kọ aago tí ọkọ̀ ilé yín, tàbí ti aládùúgbò yín tí ẹ kò bá ní, ń jáde àti èyí tó ń wọlé. Fa ìlà sí abẹ́ àwọn wákàtí tí iná àti ọkọ̀ jọ wà nílé. Sọ ọ́ di yúnìtì, sọ yúnìtì di kìlómítà, kí o sì fi iye tó wà lórí ríṣíìtì ilé yín, kì í ṣe ti inú ìwé yìí, ṣírò owó rẹ̀. Mú un wá ní ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú iye tí ilé epo tó sún mọ́ yín jù ń ta lítà kan ní àárọ̀ ọjọ́ náà.